Ẹ gbà mí o, ìntáfíù mi ku ọ̀túnla, wọn ò mọ nǹkan tí mo ṣe ní ṣọ́jà

Ọmọ Ìṣẹ́yìn, Killeen:
Ẹ̀yin ará, ẹ má bínú pé ilẹ̀ ti ṣú kí n tó kọ èyí. Ọdún 6 ni mo lò ní Army Amẹ́ríkà, 92Y ni mí, àwa tá à ń tọ́jú ẹrù, bárékè Fort Hood ní Texas níbí ni mo ti jáde lóṣù tó kọjá. Ibi 21 ni mo ti kọ̀wé sí, ẹnì kankan ò pè mí. Ọ̀sán yìí ni warehouse kan ní Houston wá pè, wọ́n ní kí n wá lọ́jọ́bọ̀, àmọ́ ọmọbìnrin tó bá mi sọ̀rọ̀ ní òun ka CV mi títí òun ò mọ nǹkan tí mò ń ṣe gan-an, pé ṣé ìbọn ni mò ń tọ́jú ni. Àyà mi já. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní kí n yọ ọ̀rọ̀ ṣọ́jà kúrò níbẹ̀ pátápátá, pé àwọn èèyàn máa ń rò pé orí wa ti dàrú. Ṣé kí n yọ ọ́? Tí wọ́n bá sì bi mí léèrè owó, èló ni kí n pè? Ìyàwó mi wà nínú oyún, ẹ jọ̀ọ́.

Ìyá Ìbejì, Houston:
Àbúrò mi, má yọ ọ́ o! Èmi fúnra mi ló ń gbani síṣẹ́ níbi tí mo wà, warehouse oògùn, ọdún kẹsàn-án rèé, ẹni tó bá ti ṣe ṣọ́jà rí ni mo máa ń kọ́kọ́ pè. Kì í ṣe àánú. Tí mo bá ní aago 5 àárọ̀, 4:45 ló ti dé. Tí ẹrù bá sọnù, òun fúnra ẹ̀ ló máa wá sọ fún mi kí n tó mọ̀, torí níbi tó ti ń bọ̀, ẹrù tó ò sọ pé kò sí lè jẹ́ ohun tí ẹlòmíì máa nílò kó má bàa kú. Ọmọ ọdún 24 tó ti darí èèyàn 8 rí, níbo ni mo ti fẹ́ rí i? Àmọ́ CV yín ló ń pa yín! 92Y, NCOIC, FLIPL, hand receipt, ta ló fẹ́ ka gbogbo ìyẹn? Kọ ọ́ bí ẹni ń ṣàlàyé fún ìyá aláṣọ ní Gbági: ẹrù mélòó ló wà níkàáwọ́ ẹ, owó wọn jẹ́ èló, ìgbà mélòó lò ń kà wọ́n lọ́dún, mélòó ló sọnù.

Ọmọ Ọ̀wọ̀, Baltimore:
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kó má bàa ṣe é. Èmi yọ ọ́. Wọ́n gbà mí nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀ náà, mo sì gbọ́. Ọdún 4 wá di ihò gbọ̀ọ̀rọ̀ láàárín CV mi. Ọkùnrin tó ń fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò wò mí lójú, ó ní ọdún mẹ́rin yìí ńkọ́, ṣé ẹ̀wọ̀n lo wà? Ẹnu mi wọhò. Oṣù 7 ni mo fi jókòó sílé lẹ́yìn ìyẹn, ìyàwó mi ló ń san rẹ́ǹtì.

Bọ̀dá Chicago:
Ẹ má fi tiyín dẹ́rù ba ọmọ náà. Èmi lọ síbì kan, kí n tó fìdí kanlẹ̀ ni wọ́n ti ń bi mí pé ṣé mò ń sùn dáadáa lóru, ṣé ariwo ò máa ń dẹ́rù bà mí. Ibi tó tẹ̀ lé e, mo kọ “iṣẹ́ ìjọba, ẹ̀ka ìpèsè ẹrù”, wọ́n gbà mí lọ́sẹ̀ kan náà.

Ọmọ Ọ̀wọ̀, Baltimore:
Bọ̀dá mi, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ìjọba wo? Tí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò tí wọ́n rí i pé Army ni, wọ́n á ní kí ló dé tó fi pa á mọ́. Orí kó yín yọ ni.

Bọ̀dá Chicago:
Orí kọ́. Mo mọ nǹkan tí mo ṣe. Ẹni tí wọ́n bi nírú ìbéèrè yẹn rí ló máa mọ̀ pé ó ń dunni.

Nọ́ọ̀sì Ìlá, Dallas:
Ẹ̀yin méjèèjì ti da ọ̀rọ̀ méjì pọ̀. Iṣẹ́ tó ṣe ní ṣọ́jà, kó sọ ọ́ sókè. Àìsàn, VA rating (ìwọ̀n àìlera tí ìjọba kọ fún ẹni tó ti ṣe ṣọ́jà), ohun tó ń gbà lóṣù, ìyẹn ò kàn wọ́n rárá, kó má dá a sílẹ̀ fúnra ẹ̀. Àbúrò, èmi 68W ni mí, àwa tá à ń tọ́jú ṣọ́jà tó fara gbọgbẹ́, mo ti di ọgbẹ́ fún èèyàn nínú mọ́tò tó ń sáré. Mo jáde, ó rẹ̀ mí díẹ̀, mo ní n ó sinmi, mo jẹ́ kí NREMT mi, ìwé ẹ̀rí ìtọ́jú pàjáwìrì, kú. Ọdún méjì méjì ni wọ́n ń tún un ṣe! Ìgbà tí mo wá iṣẹ́ dé, àfi kí n tún ìdánwò ṣe, ọmọ ilé ìwé tí ò tíì fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ rí wá ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀.

Ọmọ Òṣogbo, Atlanta:
Tèmi burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. 88M, trọ́ọ̀kù ńláńlá ni mo wà fún ọdún márùn-ún. Wọ́n ní tí n bá lọ sí ọ́fíìsì tó ń fúnni ní láísẹ́ǹsì ọkọ̀ kí ọdún kan tó pé lẹ́yìn tí mo kúrò lẹ́nu iṣẹ́ yẹn, wọn ò ní ní kí n wakọ̀ fún wọn wò kí wọ́n tó fún mi ní CDL, láísẹ́ǹsì ọkọ̀ ńlá. Mo gbàgbé, mo lọ sílé lọ ṣe òkú bàbá mi, mo padà dé, ọdún ti kọjá. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin dọ́là ni mo san fún iléèwé dẹ́rẹ́bà kí wọ́n tó kọ́ mi ní nǹkan tí mò ń ṣe ní Kuwait lójú oorun.

Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀gbá, Minneapolis:
Ọmọ Ìṣẹ́yìn, gbọ́ èyí, òun ló ṣe pàtàkì jù. GCSS-Army, ètò kọ̀ǹpútà tó o fi ń béèrè ẹrù lójoojúmọ́ yẹn, SAP ni! SAP gan-an tí àwọn warehouse ńlá ń lò, Army kàn fún un lórúkọ tiwọn ni. Kọ SAP gàgàrà sókè CV ẹ. Ìkejì, má sọ “àwa” níbẹ̀. Èmi sọ “àwa” títí nínú ìntáfíù àkọ́kọ́, àwa kà á, àwa tún un ṣe, obìnrin yẹn ní ìwọ ńkọ́, kí lo ṣe? Ṣọ́jà kọ́ wa pé ẹnì kan kì í dá a ṣe, ilé sì ti kọ́ wa pé a kì í yin ara ẹni, méjèèjì wá pàdé lórí mi. “Èmi” ni kó o máa sọ. Wọn ò ní kà á sí ìgbéraga níbí.

Ọmọ Ọ̀wọ̀, Baltimore:
Òótọ́ ni. Tó o bá tún fẹ́ iṣẹ́ federal, ti ìjọba àpapọ̀, DD-214, ìwé tí wọ́n fún ẹ nígbà tó o jáde, kópì Member 4 ni kó o fi ránṣẹ́ o, èyí tí wọ́n kọ irú ìjáde ẹ sí. Èyí kúkurú ni mo fi ránṣẹ́, wọ́n ò fún mi ní point 5 tí wọ́n ń fi kún máàkì ẹni tó ti ṣe ṣọ́jà.

Màmá Tòlú, Manchester:
Ọkọ mi lo ọdún 12 ní Army tibí. Láti 2022 wọn ò gba owó ILR, ìwé ìgbélùú títí láé, lọ́wọ́ ṣọ́jà tó bá ti lo ọdún 6 mọ́, àmọ́ èmi àti àwọn ọmọ, gbogbo ẹ̀ la san. Torí pé ó ti ṣe ṣọ́jà, ìjọba ò gba owó National Insurance tí ọ̀gá máa ń san lórí òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá tó gbà á síṣẹ́ lọ́dún àkọ́kọ́, ọkọ mi ló sọ ọ́ fún ọ̀gá náà, kò tiẹ̀ mọ̀! Kí Ìṣẹ́yìn wá sí Manchester, Houston gbóná jù.

Ìyá Ìbejì, Houston:
Manchester tí òjò ò dá? Ẹ jọ̀ọ́. Ní Bissonnet níbí, mo lè jẹ àmàlà gbígbóná kí n tó délé láti ibi iṣẹ́.

Ọmọ Ọ̀wọ̀, Baltimore:
Àmàlà yín, èlùbọ́ inú páálí ni. Ẹ wá sí Baltimore.

Màmá Tòlú, Manchester:
Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ lọ wo Peckham ní London kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ibẹ̀ ni mo máa ń wọkọ̀ lọ tí ilé bá ń ṣe mí.

Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀gbá, Minneapolis:
Ní tèmi, Yorùbá yìí ló gbà mí wọlé ṣọ́jà ní 2013, MAVNI, ètò tí wọ́n fi ń gba àjèjì tó gbọ́ èdè tí wọ́n nílò, ẹ rántí, Yorùbá wà lára èdè tí wọ́n ń wá. Wọ́n pè mí lórí fóònù láti dán mi wò, ẹni yẹn ní kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń tọrọ ìyàwó nílé wa. Bí mo ṣe dé orí obì àti orógbó, ohùn mi yí padà. Nígbà yẹn, ó ti tó ọdún mẹ́ta tẹ́nì kan ti fi Yorùbá bi mí ní nǹkan tó gùn gbẹ̀yìn.

Nọ́ọ̀sì Ìlá, Dallas:
Barracks Òjóò ni wọ́n bí mi sí. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí níbẹ̀ mọ ohùn fèrè àárọ̀ yẹn. Nígbà tí bàbá mi fẹ̀yìn tì, iléèwé kan ní Mọ́níyà fi í ṣe olùtọ́jú stóò. Alaalẹ́ ló ń ka ṣọ́ọ̀kì, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Prínsípà wọn wá síbi òkú ẹ̀, ó ní látìgbà tí bàbá yẹn ti lọ, àwọn ò mọ ohun tó wà nínú stóò mọ́.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn, Killeen:
Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Mo ti kọ CV yẹn tuntun, SAP ti wà lókè, ẹrù mílíọ̀nù 3 dọ́là, kò sí èyí tó sọnù. Mo kà á fún ìyàwó mi, ó ní òun ò mọ̀ pé nǹkan tí mò ń ṣe nìyẹn. Àmọ́ ẹ̀yin ará, owó ńkọ́? Èló ni kí n pè?

Ìyá Ìbejì, Houston:
Ọjọ́rú ni kó o ti wá, sun ilé mi mọ́jú. Ṣé o máa ń jẹ gbẹ̀gìrì?