Minas kì í ṣe ìlú: lórí «Ìlú-Ìṣọ́» àti «Ìlú-Àjẹ́»

Ẹ̀yin ará, n kò fara mọ́ «Ìlú-Ìṣọ́» tí ẹ fi túmọ̀ Minas Tirith, àti «Ìlú-Àjẹ́» tí ẹ fún Minas Morgul, nínú ayé àròsọ Tolkien. Ilé gíga olódi ni Minas lédè Elf, ẹ̀yà kan nínú ìtàn náà. Èwo sì ni ti àjẹ́? Ọkùnrin ni ọba tó jókòó sí Minas Morgul. Oṣó ni àwọn àgbà wa ń pe irú wọn.

Ẹ wo bí orúkọ náà ṣe rìn. Osgiliath ni olú-ìlú, lórí odò Anduin. Minas Ithil, ti òṣùpá, wà ní ìlà oòrùn rẹ̀; Minas Anor, ti oòrùn, wà ní ìwọ̀ oòrùn. Ní ọdún 1640 Sànmánì Kẹta, ọba Tarondor kó ààfin lọ sí Minas Anor. Ní 2002, àwọn Nazgûl, ìyẹn ọba oṣó náà àti ẹgbẹ́ rẹ̀, gba Minas Ithil, ó di Minas Morgul. Ìgbà náà ni Minas Anor di Minas Tirith, torí ó di dandan kó máa ṣọ́ aládùúgbò rẹ̀. Ìdajì orúkọ ló yí, Minas dúró. Bí tiwa kò bá dúró, ìtàn náà bọ́ sọnù.

«Ilé-ìṣọ́» inú Bíbélì kò lè ṣe é: Minas Tirith yóò di «Ilé-ìṣọ́ Ìṣọ́». Odi ni mo dábàá: Odi-Òṣùpá, Odi-Oòrùn, Odi-Oṣó, Odi-Ìṣọ́. Ohùn àárín méjèèjì o! Ẹni tó bá kọ ọ́ ní òdì ti ba iṣẹ́ jẹ́.

Èsì:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ṣùgbọ́n ohùn àárín méjì náà ni odi tí kò lè sọ̀rọ̀. Yàtọ̀ síyẹn, Tolkien kọ ìlànà sílẹ̀ fún àwọn atúmọ̀ pé kí wọ́n fi orúkọ èdè Elf sílẹ̀ bó ṣe wà. A lè túmọ̀ Rivendell, tó jẹ́ orúkọ lédè gbogbogbòò inú ìtàn. A kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan Imladris, tó jẹ́ ti èdè Elf, bẹ́ẹ̀ ibì kan náà ni.

Èsì:

Mo mọ ìlànà náà. Àwọn èèyàn inú ìtàn ló ń túmọ̀ Minas Tirith fúnra wọn lédè gbogbogbòò, ibẹ̀ la ti nílò Odi-Ìṣọ́. Àwọn àgbà sì ń sọ odi Ìbàdàn, odi Ọ̀yọ́-Ilé. Kò sẹ́ni tó rò pé ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ ni.

Èsì:

Ó dáa, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ Elf náà, Ost, inú Osgiliath àti Fornost, ìlú mìíràn nínú ìtàn, ńkọ́? Òun gan-an ni odi. Bí ẹ bá ti ná odi tán lórí Minas, kí lẹ ó pe Osgiliath? Ẹ má sọ pé «Ìlú-olódi Ìràwọ̀», odi ṣì wà nínú ìyẹn.