Ta ló já àjàrà yìí? Ìrírí wa nínú ọgbà wáìnì

Ìyá Ìbejì, Èkó

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Láti ìparí oṣù kejì tí mo ti ti Cape Town dé ni mo ti ń sọ pé màá kọ èyí, iṣẹ́ ni kò jẹ́. Ẹni tó bá ti dé ọgbà àjàrà rí, níbi yòówù kó jẹ́, kó jọ̀ọ́ sọ tirẹ̀ tẹ̀ lé tèmi.

Àbúrò mi obìnrin ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Nígbà tí mo pé àádọ́ta ọdún, ó ní ẹ̀bùn tí òun ní fún mi ni pé kí n wá, ká fi ọjọ́ méjì rìn ká Stellenbosch àti Franschhoek, níbi tí ọgbà àjàrà ti pọ̀ bí oko kòkó ṣe pọ̀ l'Óǹdó. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti mọ orúkọ àjàrà láti kékeré, ẹ̀ka rẹ̀, èso rẹ̀, ìfúntí rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò fojú kan igi rẹ̀ rí. Mo ti rò ó sí igi ńlá tí èèyàn lè jókòó sábẹ́ rẹ̀ bí igi ọsàn. Àṣé kò ga ju àyà mi lọ. Ìdí rẹ̀ lọ́ bí okùn, wáyà ni wọ́n fi gbé apá rẹ̀ dúró, ó tò lẹ́sẹẹsẹ gun òkè lọ títí dé ẹsẹ̀ òkè Simonsberg, tí òkúta rẹ̀ ń yí àwọ̀ padà bí oòrùn ṣe ń rìn. Mo bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, mo kàn dúró ni. Àbúrò mi pè mí lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dáhùn.

Àkókò ìkórè la bọ́ sí. Láti oṣù kìíní sí oṣù kẹta ni wọ́n ń já àjàrà níbẹ̀, ìdájí ni ọ̀pọ̀ wọn sì ń já a kí oòrùn tó mú. Nígbà tí a fi máa débẹ̀ ní aago mẹ́wàá, iṣẹ́ oko ti ń parí, ibi tí wọ́n ti ń fún un ni ariwo wà. Òórùn tó pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà kì í ṣe àjèjì sí mi: òórùn ẹmu tó ti ń hó nínú akèrègbè látàárọ̀ ni. Ọkùnrin tó mú wa rìn gé èso àjàrà dúdú kan sí méjì, ó fi inú rẹ̀ hàn mí. Omi rẹ̀ mọ́ gaara. Ó ní èèpo ló ń pa wáìnì láró. Tí wọ́n bá tètè fún omi kúrò lára èèpo, kò ní pọ́n, àfi tí wọ́n bá jẹ́ kí omi bá èèpo gbé fún ọjọ́ mélòó kan. Ó sì sọ pé ọjọ́ kejì oṣù kejì ọdún 1659 ni wọ́n kọ́kọ́ fún wáìnì ní Cape, ọdún méje lẹ́yìn tí àwọn ará Nẹ́dálándì tẹ̀dó síbẹ̀. Mo rántí ọjọ́ náà dáadáa torí pé ó sún mọ́ ọjọ́ ìbí mi.

Wàyí o, títọ́ ọ wò. Gíláàsì márùn-ún ni wọ́n gbé síwájú wa, ohun tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju ẹnu mẹ́ta lọ. Funfun ló ṣáájú. Chenin Blanc ni wọ́n ń pè é, òun ni wọ́n gbìn jù lọ ní South Africa, Steen ni àwọn àgbà ibẹ̀ ń pè é tẹ́lẹ̀. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti oyin ni mo bá lẹ́nu. Nígbà tó kan pupa, ọmọbìnrin tó ń bu wáìnì fún wa ní kí n sọ òórùn tí mo gbọ́. Gbogbo èso tí òun fúnra rẹ̀ dárúkọ, n kò jẹ ìkankan rí, mo bá dákẹ́. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Mama, ẹ fi ohun tó wà nílé yín sọ ọ́." Mo gbé e símú padà. Mo ní èéfín igi ìdáná ni, àti kànáfùrù díẹ̀, tí mo bá sì mu ún, ó ń fa ẹnu mi pọ̀ bí obì. Ó ní kí n tún un sọ, ó mú bírò, ó kọ "obì" sínú ìwé rẹ̀. Ó ṣàlàyé pé ohun tó ń fa ẹnu pọ̀ yẹn, láti inú èèpo àti kóró èso ló ti ń wá, àti pé ìgò tí mo ń mu, Pinotage, ọmọ ìlú náà gan-an ni: ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Yunifásítì Stellenbosch, Abraham Perold, ló so Pinot Noir àti Cinsaut pọ̀ ní ọdún 1925 tí ó fi bí i. Láti ìgbà náà ni ara mi ti balẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń rò pé ẹ kò mọ èdè wáìnì, ahọ́n tí ẹ fi mọ ìyàtọ̀ láàrin àgbálùmọ̀ tó pọ́n àti èyí tó kan ti tó.

Ọ̀rọ̀ kan fún ẹni tó bá ń lọ: ẹ jẹun kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ má sì fi ara yín wa ọkọ̀. Garawa kékeré kan máa wà lórí tábìlì fún títu wáìnì sí. Ó ṣòro fún mi, torí a kì í tu ohun tí onílé gbé fún àlejò dànù lójú rẹ̀. Mo gbé gbogbo rẹ̀ mì ní oko méjì àkọ́kọ́, nígbà tí a dé ẹ̀kẹta n kò mọ ìyàtọ̀ kankan mọ́. Àwọn onílé fúnra wọn ń tu ú, kò sí ìwọ̀sí níbẹ̀.

Ibì kan wà tí n kò ní dárúkọ. Ẹni tó dá wa lóhùn béèrè bóyá a mọ iye tó jẹ́ kí a tó jókòó. Kò béèrè lọ́wọ́ àwọn òyìnbó tó ṣáájú wa. A dìde, a lọ. Ó dùn mí títí di alẹ́.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ kejì ni mo fẹ́ sọ gan-an. Ọ̀nà tó gba orí òkè Helshoogte kọjá sí Franschhoek máa ń gba Pniel, àwọn ẹrú tó gba òmìnira ni wọ́n tẹ ìlú kékeré náà dó fún ní ọdún 1843. Obìnrin tó ń mú wa rìn lọ́jọ́ yẹn, ibẹ̀ ni wọ́n ti bí i, ó ti tó ẹgbẹ́ ìyá mi. Ó ní kí awakọ̀ dúró. Ó na ọwọ́ sí gbogbo àfonífojì náà, ó ní kí n wò ó, ó rẹwà, àbí? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní àwọn tó kọ́kọ́ tu ilẹ̀ yìí, Madagásíkà ni wọ́n ti kó àwọn kan, Mòsáńbíìkì, Íńdíà àti àwọn erékùṣù Indonéṣíà ni wọ́n ti kó àwọn mìíràn. Wọ́n kéde òmìnira wọn ní ọdún 1834, wọ́n tún fi ọdún mẹ́rin sin ọ̀gá kí wọ́n tó lọ. Àwọn ọmọ wọn padà sínú oko kan náà láti gbowó iṣẹ́, wáìnì sì ni apá kan owó náà. Ife kan láàárọ̀, ọ̀kan lọ́sàn-án, òmíràn nírọ̀lẹ́. "Dop" ni wọ́n ń pè é. Òfin kà á léèwọ̀ nígbà tó yá, ó pẹ́ kó tó tán nílẹ̀, oró rẹ̀ kò sì tíì tán: agbègbè yẹn wà lára ibi tí wọ́n ti rí ọmọ tí ọtí ti bà jẹ́ láti inú oyún jù lọ láyé. Ó ní bàbá òun gba ife náà fún ọgbọ̀n ọdún. Kò sunkún. Ó kàn sọ ọ́, ó sì ní kí awakọ̀ máa lọ.

Franschhoek dára, n kò ní parọ́. Ọkọ̀ ojú irin alájà méjì kan ń gbé èèyàn láti oko dé oko, atẹ́gùn ń fẹ́, òkè yí yín ká lọ́tùn-ún lósì. Igun àwọn Faransé ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀, torí àwọn Huguenot tó sá kúrò nílẹ̀ Faransé nítorí ẹ̀sìn tí wọ́n tẹ̀dó síbẹ̀ ní 1688. Igun Erin ni orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n kọ́ òpó ìrántí funfun fún àwọn Huguenot ní ìparí ìlú, ó ga, ó ní ẹnu ọ̀nà mẹ́ta. Mo dúró síwájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ Pniel ni mo ń rò.

Láti ìgbà náà, oko tí a bá dé, ìbéèrè kan ni mo ń bi wọ́n kí n tó gbé gíláàsì: ta ló já àjàrà yìí? Àwọn kan kò rí èsì. Ní oko kan, wọ́n lọ pe ọkùnrin kan wá láti ẹ̀yìn, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ọwọ́ rẹ̀ le bí èèpo igi, ó sì sọ fún mi ìlà tí òun fúnra rẹ̀ já. Wáìnì yẹn ni mo rà. Èkejì tí mo gbé wálé ni Aslina, ti Ntsiki Biyela, obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó di aṣewáìnì ní South Africa. Kò tíì tọ́ wáìnì wò rí kí ó tó lọ kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ní Stellenbosch. Orúkọ ìyá àgbà tó tọ́ ọ dàgbà ló fi sára ìgò.

Ẹ̀yin ńkọ́?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Kent

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú oríire àádọ́ta ọdún o, ẹ ó ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. Ìbéèrè tí ẹ ń bi wọ́n yẹn, èmi ló yẹ kí n dáhùn, torí èmi ni mo já a. Kì í ṣe ní South Africa o, níbí ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni.

Nígbà tí mo wá kàwé, ogún wákàtí lọ́sẹ̀ ni ìwé àṣẹ mi fún mi láti fi ṣiṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní oko kan ń wá èèyàn fún oṣù kẹwàá. Ilẹ̀ ibẹ̀ funfun, ẹfun ló wà lábẹ́ rẹ̀ bíi ti Champagne nílẹ̀ Faransé lọ́hùn-ún, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe wáìnì tó ń hó níbẹ̀. Àlùmọ́gàjí kékeré kan ni wọ́n fún wa. Ẹ máa di òṣùṣù èso mú lọ́wọ́ kan, ẹ máa gé e lókè, ẹ máa yọ èyí tó ti rà kúrò, ẹ máa rọra gbé e sínú àpótí. Ìrì ti rin aṣọ yín títí dé orúnkún kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Agbọ́n ń yí yín ká nítorí adùn rẹ̀. Mo gé ìka ara mi lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, torí òtútù kò jẹ́ kí n mọ ibi tí ìka mi wà.

Wọ́n tún pè mí padà ní oṣù karùn-ún. Ìgbà yẹn ni ewé tuntun ń yọ, yìnyín òru kan ṣoṣo sì lè pa gbogbo rẹ̀. Ní aago mẹ́ta òru a jáde, a ń tan àbẹ́là ńláńlá láàrin ìlà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún, títí gbogbo ẹ̀gbẹ́ òkè fi ń tàn. N kò rí ohun tó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, ẹsẹ̀ mi sì ń ro mí gógó.

Wáìnì yẹn kì í tètè jáde, ó máa ń sùn nínú ìgò fún ọdún bíi mélòó kan. Mo ti parí ẹ̀kọ́, mo ti ríṣẹ́ kí tiwa tó dé orí àtẹ. Mo mú ìyàwó mi lọ, mo san owó bí àlejò, wọ́n bu ú fún wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bu ú bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa òtútù ọdún náà. Ìyàwó mi fi ọwọ́ kàn mí lábẹ́ tábìlì. Mo sọ fún un pé mo wà níbẹ̀. Ó gbé ìgò náà sílẹ̀, ó lọ pe ọ̀gá rẹ̀, àwa mẹ́rin sì jọ rìn lọ síbi ìlà tí mo já.

Àlàájà, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi kì í mu ọtí, n kò sì ní mu ún. Mo kọ èyí fún àwọn Mùsùlùmí tó ń rò pé kò sí ohun tí àwọn lè lọ wò níbẹ̀.

Àwa obìnrin mẹ́fà láti ibi iṣẹ́ la lọ sí Porto, ní Pọ́túgà, ní oṣù kẹsàn-án. A wọ ọkọ̀ ojú irin láti ibùdókọ̀ São Bento lọ sí ìlú Pinhão, ó ń bá odò Douro lọ ní ẹ̀gbẹ́ gẹ́lẹ́. Òkè ibẹ̀ dà bí ẹni pé wọ́n fi abẹ là á ní àkàsọ̀ àkàsọ̀, ògiri òkúta lórí ògiri òkúta, ọwọ́ èèyàn ló sì tò gbogbo rẹ̀. Láti 1756 ni ìjọba wọn ti fi ààlà sí ilẹ̀ tí wáìnì wọn gbọ́dọ̀ ti wá. Àwọn tó kù tọ́ wáìnì wò, èmi jẹ èso náà tútù lára igi: ó kéré, èèpo rẹ̀ nípọn, ó dùn ju gbogbo àjàrà tí mo ti rà lọ́jà rí. Ní ilé kan, wọ́n ṣì ń fi ẹsẹ̀ tẹ èso nínú ọpọ́n ńlá tí wọ́n fi òkúta ṣe, wọ́n dì mọ́ èjìká ara wọn, ẹnì kan ń ka ìṣísẹ̀. Mo dúró wò wọ́n fún wákàtí kan, kò sú mi.

Ohun tí Ìyá Ìbejì sọ nípa òpó ìrántí ló jẹ́ kí n sọ èyí. Ibùdókọ̀ Pinhão, tááìlì aláwọ̀ búlúù ló wà lára ògiri rẹ̀, àwòrán iṣẹ́ àjàrà sì ni: àwọn obìnrin ń já a, àwọn ọkùnrin gbé apẹ̀rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn. Kò sí orúkọ ẹnì kankan lára wọn, ṣùgbọ́n wọ́n wà lára ògiri tí gbogbo àlejò gbọ́dọ̀ gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà wé gèlè bí ìyá mi ṣe ń wé e lọ sóko. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sílé, ní Ìwó. Ìyá mi pè mí lálẹ́. Ó ní òun ti rí i, ó dára. Ó wá béèrè bóyá wọ́n ń sanwó wọn dáadáa.