Ẹni tó ṣòro bá sọ̀rọ̀: kí lara rẹ̀ kọ́kọ́ sọ fún yín?

Ọmọ Ìsọ̀kùn:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Pákó àti páànù ni mò ń tà níbí n'Iléṣà, oríṣiríṣi èèyàn ló sì ń wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Àwọn kan wà tí wọn ò tíì lanu tí mo ti mọ̀ pé wàhálà dé. Ẹni náà kò ní wọlé, ẹnu ọ̀nà ló máa dúró sí, á máa fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lu itan. Tó bá bi mí ní nǹkan, n kì í tètè dáhùn. Àga ni mo kọ́kọ́ máa ń gbé fún un. Ó ṣòro kéèyàn jókòó tán kó tún máa jágbe mọ́ni. Ẹ̀yin ńkọ́? Èyí tó ṣojú yín ni kẹ́ ẹ sọ o, ẹ má kó ti TikTok wá bá wa.

Ọlọ́kadà Sábó:
Ẹni tó bá ti gun ọ̀kadà láì bèèrè iye, ìjà la máa fi sọ̀ kalẹ̀. Mo ti sọ tèmi.

Ìyá Aláṣọ Lágeré:
Ọlọ́kadà, o ò ní fi ẹ̀rín pa mí 😂 Òótọ́ ni jàre.
Èmi, ọwọ́ ni mo máa ń wò, n kì í wo ẹnu. Oníbàárà á ní "ó ti wọ́n jù, mò ń lọ", síbẹ̀ ìka rẹ̀ ò kúrò lára léèsì. Ẹni yẹn ò lọ síbì kankan. Ẹni tó máa lọ á ti gbé báàgì kọ́ apá kó tó sọ pé ó wọ́n. Àmọ́ ẹni tó le jù nídìí aṣọ kọ́ lẹni tó fẹ́ rà á. Ọ̀rẹ́ tó bá a wá ni! Ọ̀rẹ́ yẹn ò ní sọ nǹkan kan, á kàn yínmú báyìí, ọjà ti bàjẹ́ nìyẹn. Torí náà mo máa ń fa òun gan-an wọ inú ọ̀rọ̀ kó tó yínmú. "Àǹtí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ aṣọ wò, nínú méjèèjì yìí, èwo ló máa bá àwọ̀ wọn mu?" Ó ti di lọ́yà mi nìyẹn. Òun náà ló máa ní kí wọ́n sanwó kí wọ́n máa lọ.

Adé Kámpọ́ọ̀sì:
Ẹ̀yin àgbà, sáyẹ́ǹsì ti parí ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ìdá 100 ohun téèyàn ń sọ, ara ló fi ń sọ 93, ẹnu ò ju 7 lọ. Ẹni tí kò bá sì lè wò yín lójú, irọ́ ló ń pa. Ó tán.

Bàbá Olùkọ́:
Ó tán bí i ti báwo? Àbúrò, ta ló tọ́ ọ?
Ó pẹ́ tí mo fi ṣe ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì. Lọ́jọ́ kan, owó sọnù nínú kíláàsì, wọ́n mú ọmọ méjì wá bá mi. Olùkọ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sọ́dọ̀ wa ní èyí tó ń wolẹ̀ ló jí i, torí pé èkejì ranjú mọ́ wa, kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Mo ní kó ṣe sùúrù ná. Ọmọ tó ń wolẹ̀ yẹn, ọwọ́ ìyá àgbà ló dàgbà sí. Kò sí bí àgbà á ṣe máa bá a wí kó gbójú sókè. Inú ìbọ̀sẹ̀ ẹni tó ranjú la ti bá owó. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè ilé tí ọmọ ti jáde wá kẹ́ ẹ tó ka ojú rẹ̀.

Àǹtí Mayfair:
Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ jẹ́ n gba Adé lọ́wọ́ sáyẹ́ǹsì tirẹ̀, ẹ̀kọ́ tí mo kà nìyẹn. Albert Mehrabian ló wà nídìí 93 yẹn, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1967. Wọ́n gba ọ̀rọ̀ ẹyọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, wọ́n fi fọ́tò ojú èèyàn kún un, wọ́n wá ní káwọn èèyàn sọ bóyá ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fẹ́ràn ẹni tó ń bá sọ ọ́ tàbí kò fẹ́ràn rẹ̀. Ibẹ̀ ni 7 ti ẹnu, 38 ti ohùn àti 55 ti ojú ti jáde. Ìgbà tí ẹnu bá ń sọ pé òun fẹ́ràn rẹ tí ojú ń sọ pé rárá, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wọn mọ. Tó bá jẹ́ bó o ṣe wí ni, o ò bá máa wo ìròyìn àwọn ará Ṣáínà kó o sì gbọ́ ọ yé.
Ti irọ́ náà, Bond àti DePaulo kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ ní 2006. Bí wọ́n bá ní kéèyàn ya òpùrọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára olóòótọ́, bí i 54 nínú 100 ló ń gbà. Ẹni tó dijú mú á gba 50.

Adé Kámpọ́ọ̀sì:
Àǹtí, ẹ jẹ́ n mí 😭 Ṣùgbọ́n kí ló wá dé tí màmá mi kì í fi í gbà á sí òdì? Irọ́ mi kankan ò bọ́ sí i lọ́dọ̀ wọn rí.

Ìyá Aláṣọ Lágeré:
Màmá ẹ mọ bó o ṣe ń rí lọ́jọ́ tó ò parọ́.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:
Ohun tí Ìyá Aláṣọ sọ yìí gan-an ni ìṣòro tiwa, torí àwa ò mọ bí èèyàn ṣe ń rí tẹ́lẹ̀. Ilé ìwòsàn kan n'Ífẹ̀ níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Lóru ọjọ́ kan, ọkùnrin kan gbé ìyàwó rẹ̀ tó ń rọbí wá. Ẹ wo ariwo! Ó ń lu káńtà, ó ní òun máa ti gbogbo wa mọ́lé, pé ṣé a mọ ẹni tí òun jẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti ń mọ́ ọn lójú. Bí mo ṣe wolẹ̀, mo rí i pé sílípáàsì ẹsẹ̀ ọ̀tún ò bá ti òsì mu. Ọ̀kan dúdú, ọ̀kan aláwọ̀ búlúù, èyí tó sì jẹ́ ti obìnrin ti kéré jù fún un. Mo ní háà, kì í ṣe agbéraga lèyí. Ẹ̀rù ló ń ba bàbá yìí.
Mi ò ní kó fara balẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, kò sí ẹni tó ń bínú tí wọ́n ní kó fara balẹ̀ tó fara balẹ̀ rí. Mo kúrò lẹ́yìn káńtà, mo lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kì í ṣe iwájú rẹ̀ o, àwa méjèèjì jọ kọjú sí ilẹ̀kùn tí ìyàwó rẹ̀ gbà wọlé. Mo rẹ ohùn sílẹ̀ débi pé ó ní láti dákẹ́ kó tó gbọ́ mi. Mo ní, "Dókítà wà lọ́dọ̀ wọn báyìí. Wọ́n ń yẹ ọmọ wò. Bí wọ́n bá ti ṣe tán, èmi fúnra mi ni mo máa wá sọ fún yín." Mo sì padà wá, bí kò tilẹ̀ tíì sí ìròyìn kankan. Ìgbà tí mo padà wá yẹn ló tó jókòó, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló sì jókòó sí. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Àkọ́bí wa kú níbí."

Ayálégbé Párákín:
Ọlọ́run mi.

Ọmọ Ìlàrè:
Nọ́ọ̀sì, ìtàn dùn, àmọ́ ta ló ń rí àwọ̀ sílípáàsì lóru? NEPA mú iná lọ́jọ́ yẹn ni?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:
Jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́, ọ̀gbẹ́ni.

Ọmọ Ìlàrè:
Kẹ́ ẹ má bínú o, àmọ́ ẹ̀yin nọ́ọ̀sì gan-an lẹni tó ṣòro bá sọ̀rọ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Èèyàn á kí yín, ẹ ò ní gbójú kúrò lórí ìwé. Èdè ara wo nìyẹn?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:
Èdè ara ẹni méjì tó ń tọ́jú odindi wọ́ọ̀dù kan ni.

Bàbá Olùkọ́:
Ó ti dá a lóhùn. Ọmọ Ìlàrè, jókòó.

Ìjẹ̀ṣà Tòótọ́:
Ẹ ń pe Amẹ́ríkà, ẹ ń pe 1967. Ta ló kọ́ àwọn òṣómàáàlò? Bàbá tó bí bàbá mi wà nínú àwọn tó ń ru aṣọ láti Iléṣà kiri ìlú, tí wọ́n ń tà á láwìn. Bí onígbèsè bá wá di ẹni tó ṣòro, bàbá kì í jà. Ìdájí ló máa dé, á lóṣòó síwájú ilé onígbèsè. Wọ́n gbé àga wá, kò jókòó. Wọ́n gbé oúnjẹ wá, ó ní òun ti yó. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń kí tẹ̀ríntẹ̀rín, kò sì sọ ọ̀rọ̀ owó fún ẹnì kankan. Tí oòrùn bá fi ràn, gbogbo àdúgbò ti mọ̀. Wọ́n á sanwó.
Èmi náà ti ṣe é. Kọnturakítọ̀ kan jẹ mí lówó bíríkì, kì í gbé fóònù mi mọ́. Mo lọ lóṣòó síwájú géètì rẹ̀, mo ń kí àwọn aládùúgbò. Ìyàwó rẹ̀ ló fi owó ránṣẹ́ síta.

Ifẹ̀ Oòyè:
Ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà! Ìdúnkookò mọ́ni lẹ tún ń pè ní ìbánisọ̀rọ̀ tó dáa.

Ìjẹ̀ṣà Tòótọ́:
Ta lẹ rí tí mo dún kookò mọ́? Mo kí gbogbo èèyàn káàárọ̀ ni.

Bàbá Olùkọ́:
Ifẹ̀ Oòyè, rò ó dáadáa. Ẹni tó dúró gbandi síwájú ilé rẹ, ó wá jà. Ẹni tó kúnlẹ̀, ó wá bẹ̀. Ẹni tó lóṣòó ò ṣe èyí, kò ṣe tọ̀hún. O ò lè lù ú, o ò lè lé e, o ò sì lè ṣe bí ẹni pé o ò rí i. Ọgbọ́n ńlá ni.

Ifẹ̀ Oòyè:
Bàbá, ọmọ Ifẹ̀ lẹ̀yin náà, ẹ wá ń gbè sẹ́yìn wọn?

Ìjẹ̀ṣà Tòótọ́:
Wọ́n ti jẹ iyán wa ni 😂

Ifẹ̀ Oòyè:
Iyán wo? Iyán tó wà n'Ífẹ̀ kí iṣu tó dé Iléṣà?

Ayálégbé Párákín:
Ẹ fi iyán sílẹ̀, ẹ gbọ́ ti ìyá onílé mi. Ẹnu wọn dùn bí oyin, "kò sí wàhálà, ọmọ mi". Ìró wọn lẹ máa wò! Bí wọ́n bá ti tú ìró, tí wọ́n tún un ró, tí wọ́n fà á le, ọ̀rọ̀ owó omi ti fẹ́ dìjà nìyẹn, bí wọ́n tilẹ̀ ṣì ń rẹ́rìn-ín. Bí mo bá ti rí i báyìí, mo máa ń kúnlẹ̀ kí wọ́n, máa bèèrè àwọn ọmọ wọn tó wà l'Ékòó, n kò ní dárúkọ owó omi àfi tí wọ́n bá ti sọ gbogbo èyí tó wà nínú wọn tán. Ìgbà náà ni mo máa ní, "Ẹ̀yin Màmá, ṣé mo gbọ́ yín yé? Kò dùn mọ́ yín pé èmi nìkan ni mò ń san án lásìkò?" Bí mo ṣe tún ọ̀rọ̀ wọn sọ yẹn ló máa ń tù wọ́n lára jù.

Ìyá Aláṣọ Lágeré:
ÌRÓ! 😂😂 Ẹni tó bá ń tún ìró ró nínú ọjà, mo máa ń kó aṣọ mi sẹ́yìn ni.

Ọmọ Ìsọ̀kùn:
Tọkùnrin ni kó yọ aago ọwọ́ kó fi sápò.

Adé Kámpọ́ọ̀sì:
Tàbí kó gbé fìlà fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá a mú.

Àǹtí Mayfair:
Ẹ tún rí i? Nǹkan tẹ́ ẹ dì jọ mọ̀ nìyẹn. Ẹ gbé ará Jámánì wá síbí, á rò pé ìró ló tú.

Ayálégbé Párákín:
Ó yá, ẹni tó wà lórí fóònù ńkọ́, tẹ́ ẹ ò rí ìró ẹ̀? Ọ̀gá mi tuntun kì í yọjú, fóònù ló fi ń ṣe gbogbo nǹkan.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:
Ẹ fetí sí bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Ẹ má tètè sáré fi ọ̀rọ̀ dí i.

Ọlọ́kadà Sábó:
Ẹni tó bá ní "mo ti wà níta" lórí fóònù, ó ṣì ń wẹ̀.