Àpótí wúfà mi ti yanjú o!
Ẹ kú àdúrótì o. Wúfà ínṣì 12 (sípíkà tó ń gbé báàsì jáde) tí mo bèèrè nípa ẹ̀ níbí, tí mo ní báàsì ẹ̀ ò kì rárá yẹn, ẹni tó ní kí n gbọ́wọ́ lé oríkèé pákó ẹ̀ tí orin bá ń lọ, Ọlọ́run á bù kún yín, afẹ́fẹ́ ló ń jò fìì níbẹ̀. Mo bá ra MDF (pákó tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀) mìlímítà 18 ní ọjà Dei-Dei l'Ábújá, kápẹ́ńtà fi gọ́ọ̀mù àti súkúrù tún un kàn, a fi sílíkóònù dí gbogbo igun ẹ̀ látinú, a tún dá igi kan sáàárín kí ara ẹ̀ má baà máa gbọ̀n. Ẹ ṣáà jẹ́ kí sílíkóònù gbẹ dénú kí ẹ tó de wúfà mọ́ ọn. Báàsì ti kì wàyí, inú mi dùn gan-an. Ẹ ṣé o, ìbéèrè mi ti parí.