Mo buwọ́ lu fọ́ọ̀mù tí mi ò kà, wọ́n ní kí n kó ọmọ mẹ́jọ lọ wo ẹyẹ etí omi

Ìyá Ìbejì, Dagenham
Ẹ káàsán o, gbogbo ilé. Ẹ gbà mí! Ilé ìwé àwọn ọmọ mi fi fọ́ọ̀mù kan ránṣẹ́ lóṣù tó kọjá, inú bọ́ọ̀sì ni mo ti buwọ́ lù ú, mo ṣe bí owó oúnjẹ ọ̀sán ni. Àṣé mo ti gbà pé èmi ni màá kó ọmọ mẹ́jọ lọ sí àbàtà Rainham ní Sátidé yìí, láti ka ẹyẹ tó ń wọ́dò àti labalábá. Èmi tí mo ń sá fún adìyẹ! Kí ni wọ́n ń wọ̀ lọ síbẹ̀? Ṣé dandan ni kí n ra awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn? Ṣé mo lè gbé kúlà ìrẹsì dání? Táíwò sì máa ń sín ṣáá tí koríko bá ti ń tanná. Ọjọ́ mẹ́ta ló kù o.

Nọ́ọ̀sì, Leeds
Ẹ fọkàn balẹ̀ ma. Oògùn sísín, ẹ fún un kí ẹ tó jáde nílé, ẹ má dúró dìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kí apòògùn fún yín ní èyí tí kì í kunni lóorun. Ṣòkòtò gígùn ni kí gbogbo wọn wọ̀, kí ẹ ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ inú ìbọ̀sẹ̀, torí eégbọn. Lọ́dún tí mo dé, síkẹ́ẹ̀tì ni mo wọ̀ lọ. Ìgbà tí mo ń wẹ̀ lálẹ́ ni ọwọ́ mi bà á lẹ́yìn orúnkún. Mo fi èékánná fà á já bí a ti ń ṣe fún ajá nílé, ẹnu rẹ̀ há sínú. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, pupa róbótó kan là kiri ibẹ̀ bí òrùka, oògùn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fún mi. Èmi nọ́ọ̀sì o! Ẹ mú tíwísà ẹlẹ́nu ṣóńṣó dání, ẹ fi mú un mọ́ ara gan-an, kí ẹ fà á sókè díẹ̀díẹ̀.

Bàbá Àdùkẹ́, Salford
Ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ omi tó ń kún tó sì ń fà. Orí ẹrẹ̀ ni àwọn ẹyẹ yẹn ti ń jẹun. Tí omi bá fà, wọ́n á bá a lọ, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Tí omi bá ń kún, á máa lé wọn bọ̀ lọ́dọ̀ yín.

Mo ti fojú winá rẹ̀. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ló sọ fún mi pé ní Snettisham, ní Norfolk, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyẹ máa ń gbéra lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí èéfín. Mo kó ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta sọ́kọ̀, a sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì. Ìwé tí wọ́n kọ àkókò omi sí ní aago méje àárọ̀ ni omi máa kún. A jí ní aago mẹ́rin, a rìn ju máìlì kan lọ nínú òtútù. Aago méje lù, ẹyẹ ṣì wà lọ́hùn-ún bí èèrà. Ó di méje ààbọ̀, mo ní ó tó, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Bí a ti ń padà là ń pàdé àwọn bàbá òyìnbó tó gbé awò lé èjìká, wọ́n ń wò wá bí ẹni tó jẹun ìyàwó tán kí ìyàwó tó dé. A kù díẹ̀ ká débi ọkọ̀, mo gbọ́ tí òfúrufú hó yèè. Mo bojú wẹ̀yìn, wọ́n ti gbéra. Ìyàwó mi ò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi dé Salford.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Norwich
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò fi wákàtí kan kún un ni.

Bàbá Àdùkẹ́, Salford
Wákàtí wo?

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Norwich
Ti sọ́mà. Ọ̀pọ̀ ìwé omi ló jẹ́ pé aago GMT, ti ìgbà òtútù, ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ látìbẹ̀rẹ̀ ọdún dópin. Láti ìparí March sí ìparí October, méje inú ìwé, mẹ́jọ ni lọ́wọ́ yín.

Alhaja, Peckham
Rárá o, yíyọ ni wọ́n ń yọ ọ́. Ṣebí oorun wa dín ní wákàtí kan ní March?

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Norwich
Alhaja, oorun yín ló dín. Aago, iwájú la sún un sí.

Àbúrò, Glasgow
Ẹ ṣọ́ra o. Ti orí fóònù máa ń ti ṣírò tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èmi tún fi wákàtí kan lé e, omi ti ń fà nígbà tí mo dé.

Bàbá Àdùkẹ́, Salford
Ẹ̀bi àwọn tó tẹ ìwé ni. Ó yẹ kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Norwich
Wọ́n kọ ọ́ sà. Ó wà nísàlẹ̀.

Bàbá Àdùkẹ́, Salford
Ta ló ń ka ìsàlẹ̀ ìwé?

Ìyá Ìbejì, Dagenham
Bàbá Àdùkẹ́, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Èmi tí mi ò ka òkè pàápàá ńkọ́?

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Norwich
Ìyá Ìbejì, ti Rainham rọrùn. Omi wà nínú àbàtà yẹn fúnra rẹ̀, ẹ máa rí ẹyẹ nígbàkígbà. Ṣùgbọ́n tí odò Thames bá kún, tó bo ẹrẹ̀ etí rẹ̀, àwọn tó wà níta náà á wọlé wá sinmi. Tí ẹ bá ń wo aago tí omi máa kún ní London Bridge, ẹ rántí pé omi á ti kún ní Purfleet, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbàtà yẹn, kó tó dé ọ̀hún. Ẹ wá èyí tó funfun tó ní dúdú lára, tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ sókè bí abẹ́rẹ́ tó wọ́. Avocet ni. Ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ tí kò fi bẹ́ẹ̀ pamọ nílẹ̀ yìí mọ́. Ìgbà tí wọ́n da omi bo etíkun Suffolk nítorí ogun Hitler ló rí àyè, ó padà wá ní 1947. Rainham náà, àwọn ṣọ́jà ló ń yìnbọn níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Àbúrò, Glasgow
Kí ọmọ kankan má sọ̀ kalẹ̀ sórí ẹrẹ̀ o. Mo fi bàtà ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ fún irú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì, Leeds
Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ní February 2004, ní Morecambe Bay, ó kéré tán ará Ṣáínà 21 tó ń wa ẹran ìkarahun nínú ẹrẹ̀ ni omi ká mọ́, wọ́n bómi lọ.

Alhaja, Peckham
Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká ríbi. Ẹ tún kìlọ̀ fún wọn nípa èsìsì ilẹ̀ yìí, ewé rẹ̀ jọ ẹ̀fọ́. Mo já a lọ́wọ́ lásán, mo fẹ́ lọ fi se ẹ̀gúsí.

Nọ́ọ̀sì, Leeds
😂 Alhaja! Ẹ̀yìn èsìsì yẹn gan-an ni kí wọ́n ti wá labalábá. Orí rẹ̀ ni Peacock ń yé sí, èyí tó ní ojú ọ̀kín mẹ́rin níyẹ̀ẹ́. Ìgbà tí oòrùn bá mú ni wọ́n ń jáde, tí afẹ́fẹ́ ò bá pọ̀. Ẹ má wọ léèsì o, ẹ̀gún pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

Bàbá Àdùkẹ́, Salford
Labalábá tó bá dìgbò lẹ̀gún…

Alhaja, Peckham
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dìgbò lu aago ńkọ́?

Ọmọ Ìbàdàn, Houston
Ẹrẹ̀ àti èsìsì lẹ̀ ń bẹ̀rù? Ní Anahuac lọ́dọ̀ wa, ọ̀nì ló ń yáàrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyẹ. Mo rí èyí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí ẹnu rẹ̀ rí bí ṣíbí. Ẹ̀fọn ibẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi lọ sílé.

Bàbá Àdùkẹ́, Salford
Ẹ jẹ́ kí Houston máa bá ọ̀nì rẹ̀ gbé. Tá a bá ń sọ̀rọ̀ àbàtà, kò sí èyí tó dà bíi Leighton Moss lọ́dọ̀ wa.

Alhaja, Peckham
Láti ìgbà wo ni ibẹ̀ ti di Salford? Rainham, ọkọ̀ ojú irin láti Fenchurch Street ló gbé mi débẹ̀. Mo dúró lórí afárá onígi, Eurostar ń kọjá lẹ́yìn mi, ọ̀pọ̀lọ́ ń rẹ́rìn-ín nísàlẹ̀ bí àwọn tó gbọ́ òfófó.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Norwich
Ní tèmi, ohun tó máa ń ká mi lára ni pé July la wà yìí, àwọn ẹyẹ kan ti parí ìtọ́mọ lọ́hùn-ún ní Arctic, ilẹ̀ yìnyín, wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀. Níbí ni wọ́n á ti forí lé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Mo jókòó tí mo ń jẹ sánwíìṣì, ẹyẹ ń lọ sílé.

Àbúrò, Glasgow
Láì gba físà.

Ọmọ Ìbàdàn, Houston
Ọmọ Ìjẹ̀bú, o ti bà mí lọ́kàn jẹ́.

Nọ́ọ̀sì, Leeds
Ṣé ẹ mọ̀ pé lékeléke ti dé ilẹ̀ yìí? Lékeléke tiwa, tó ń tẹ̀lé màlúù. 2008 ni wọ́n kọ́kọ́ pamọ níbí, ní Somerset. Ìgbà tí mo rí ọ̀kan lẹ́yìn màlúù òyìnbó, àfi bíi pé mo rí ará àdúgbò wa. Mo kàn gbé ọwọ́ mi méjèèjì sókè, mo ń mì í.

Bàbá Àdùkẹ́, Salford
Ó fún yín ní funfun?

Nọ́ọ̀sì, Leeds
Ọ̀kan. Àtàǹpàkò òsì.

Ìyá Ìbejì, Dagenham
Ẹ jọ̀ọ́, awò ńkọ́? Kí n rà á ni àbí kí n má rà á? Kúlà ìrẹsì ńkọ́?

Alhaja, Peckham
Ẹ gbé ìrẹsì yẹn dání ma, kí ẹ sì bu tèmi sọ́tọ̀. Mo ń bọ̀ ní Sátidé. Tí lékeléke bá wà níbẹ̀, èékánná mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni mo fẹ́ nà sí i.