St. Anton: ẹ wá ibùsùn kí ẹ tó wá ijó

Láti Lewisham, London

Ẹ kú òtútù o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ṣèlérí pé màá sọ bí ìrìn àjò síkì wa ṣe lọ (síkì ni eré tí wọ́n ń fi pátákó gígùn méjì yọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí yìnyín), ẹ má bínú pé ó pẹ́. St. Anton am Arlberg la lọ, ní agbègbè Tirol, ní Ọ́síríà. Obìnrin mẹ́fà la jọ ń dá àjọ. Lọ́dún tó kọjá, a ní kí ẹnikẹ́ni má kó owó náà, ká fi gbé àwọn ọkọ wa lọ sórí òkè, torí méjì nínú wọn ń pé àádọ́ta ọdún.

Àríyá nìkan la tìtorí rẹ̀ mú St. Anton. Wọ́n ti sọ fún wa pé ìlú náà kì í sùn, òótọ́ sì ni. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa ni pé àwọn tó mọ síkì dójú àmì ló ń wá síbẹ̀ nítorí bí òkè rẹ̀ ṣe le tó. Ẹgbẹ́ síkì Arlberg ti wà láti 1901. Ibẹ̀ ni Hannes Schneider, ọmọ abúlé Stuben tí kò jìnnà síbẹ̀, ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní síkì kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀, òun ló sì to ẹ̀kọ́ náà ní ìpele ìpele. Mo wá rò pé ìlú tí ẹ̀kọ́ síkì ti gbilẹ̀ báyìí á rọrùn fún akẹ́kọ̀ọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nílẹ̀ Faransé, àwọ̀ ewé ni wọ́n fi ń sàmì sí ọ̀nà tó rọrùn jù lọ. Ọ́síríà ò ní àwọ̀ ewé rárá: búlúù ló bẹ̀rẹ̀, pupa ló tẹ̀ lé e, dúdú ló le jù. Lójú tèmi, búlúù tó wà ní St. Anton, pupa ni wọn ì bá pè é níbòmíràn. Lọ́jọ́ kejì, ọkọ ọ̀rẹ́ mi kan dúró láàárín ọ̀nà búlúù fún odidi wákàtí kan, kò lè lọ, kò lè bọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọkùnrin tí kì í bẹ̀rù ohunkóhun ni o.

Àmọ́ ibùsùn gan-an ló dùn mí jù. Mo rí ilé kan láàárín ìlú, ìṣẹ́jú mẹ́ta sí ibi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ orí wáyà tó ń lọ sí òkè Galzig. (Ẹ lọ wo ibùdókọ̀ yẹn tí ẹ bá débẹ̀: àgbá kẹ̀kẹ́ ràgàjì ló ń gbé yàrá ọkọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀ wá bá yín nílẹ̀, ẹ ò ní gun àtẹ̀gùn kankan.) Inú mi dùn, mo san owó àsansílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. N kò wo ohun tó wà lábẹ́ fèrèsé. Ní St. Anton, nǹkan bí agogo mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán ni ijó ti ń bẹ̀rẹ̀ lórí òkè, ní àwọn ilé ọtí bíi MooserWirt àti Krazy Kanguruh tó wà létí ọ̀nà síkì fúnra rẹ̀. Àwọn èèyàn á bọ́ pátákó síkì, wọ́n á gún un sínú yìnyín, wọ́n á máa jó tàwọn ti bàtà síkì lẹ́sẹ̀. Après-ski ni wọ́n ń pè é. Tílẹ̀ bá ṣú, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìlú, ijó á tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Bàtà síkì le bí odó. Tí ogún èèyàn bá wọ̀ ọ́ kọjá lábẹ́ fèrèsé rẹ ní agogo méjì òru, inú egungun lo ti máa gbọ́ ọ.

Èmi fẹ́ràn ijó. Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi bá wa lọ láti bá wa mójú tó àwọn ọmọ. Alẹ́ mẹ́ta gbáko ni Màmá ò fi sùn, wọn ò sì sọ nǹkan kan. Àárọ̀ ọjọ́ kẹrin ni mo wọ yàrá wọn, mo rí i pé gèlè ni wọ́n fi di etí méjèèjì. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Nasserein ló yẹ ká sùn sí. Apá ìlà oòrùn ìlú náà ni, ó pa rọ́rọ́, bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ ń ná an, ibẹ̀ náà sì ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó tẹ́jú fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ wà. Ẹni tó bá fẹ́ jó á wọ bọ́ọ̀sì lọ jó. Ẹni tó bá fẹ́ sùn á sùn.

Ohun kan tá a ṣe tó dára ni ọ̀nà tá a gbà débẹ̀. Zürich ní Switzerland la bà sí, ọkọ̀ ojú irin ló gbé wa dé, bíi wákàtí méjì ààbọ̀. Ojú irin ti gba ibẹ̀ kọjá láti 1884, ibùdókọ̀ sì sún mọ́ ìlú débi pé ẹsẹ̀ la fi rìn dé ilé, àwọn ọmọ ń fa àpótí wọn. Ẹni tó bá ti jókòó sínú bọ́ọ̀sì pápákọ̀ òfurufú lọ́jọ́ Sátidé, nínú súnkẹrẹ fàkẹrẹ orí òkè, á mọ ohun tí mò ń sọ.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ẹni tó bá ti lọ, kó sọ tiẹ̀.

Láti Milton Keynes

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ti Màmá yẹn wọ̀ mí lára gan-an.

Èmi ò tíì dé St. Anton, torí pé àwọn ọ̀rẹ́ mi lọ, wọ́n fi mí sílẹ̀ nílé. Pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni mo ń lò. Ọdún kẹjọ mi ní Bírítéènì nìyí, ìwé ìgbé mi pé pérépéré, mo wá rò pé ìyẹn á tó. Kò tó. Ẹni tó ń lo pásípọ́ọ̀tù wa gbọ́dọ̀ gba físà Schengen, ìyẹn físà kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò, kó tó wọ Ọ́síríà, ibi yòówù kó máa gbé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò ni wọ́n ti máa ń gba ìwé, ó pẹ́ tán, ọjọ́ 15 ṣáájú rẹ̀. Èmi dúró de owó oṣù kọkànlá kí n tó wá ọjọ́ tí màá fi lọ fi ìka tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo máa fi rí ọjọ́, àwọn tó kù ti lọ, wọ́n ti bọ̀. Owó tíkẹ́ẹ̀tì mi wọgbó.

Ẹ̀kejì ni pé Zürich làwọn náà bà sí, mo wá ń kọ Switzerland sínú fọ́ọ̀mù. Àṣìṣe ni. Orílẹ̀-èdè tí ẹ ti máa lo ọjọ́ tó pọ̀ jù ni ẹ máa bá sọ̀rọ̀, ìyẹn Ọ́síríà. Físà kan náà ló máa gbé yín gba Switzerland kọjá. Lára ohun tí wọ́n béèrè ni ìwé ìdójútòfò tó tó 30,000 yúrò fún ìtọ́jú ìṣègùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé ìyẹn ti ka síkì mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò kà á.

Ẹ máa béèrè irú pásípọ́ọ̀tù tó wà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó mú ọjọ́. Kò sẹ́ni tó bi mí, èmi náà ò sọ.

Láti Munich

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún ọ̀rọ̀ ìdójútòfò yẹn, torí ó kàn mí gbọ̀ngbọ̀n.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ ṣe yunifásítì n'Ífẹ̀ jọ lọ sí St. Anton lóṣù kẹta. Ó mọ síkì jù mí lọ. Lọ́jọ́ tó gbẹ̀yìn, a jó nílé ọtí orí òkè títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ẹ gbọ́ o: ilé ọtí wọ̀nyẹn ò sí nínú ìlú. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ṣì kù láàárín ẹ àti ilé, yìnyín tó ti rọ̀ lọ́sàn-án sì ti dì gan-ingan-in bí gíláàsì. Mo ní ká rìn sọ̀ kalẹ̀. Ó ní ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni. Kò tí ì tó ìṣẹ́jú kan tó fi ṣubú, eékún rẹ̀ yí. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú òkùnkùn, n kò rí i. Nọ́ńbà àwọn tó ń gbani là lórí òkè ní Ọ́síríà ni 140; 112 náà ń ṣiṣẹ́. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo ti kọ ọ́ sínú fóònù.

Wọ́n tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n káàdì ìlera ìjọba ò kan ọ̀rọ̀ gbígbé èèyàn sọ̀ kalẹ̀ látorí òkè, ilé iṣẹ́ ìdójútòfò rẹ̀ sì ní òun ò ní san kọ́bọ̀ torí pé ó ti mutí. Ó wà nínú ìwé tó fọwọ́ sí, lójú ewé kẹsàn-án. Oṣù mẹ́jọ ló fi san gbèsè náà.

Ohun mìíràn tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn rẹ̀: ní ilé tí wọ́n ti ń yá pátákó síkì, wọ́n á bi ẹ́ ní ọjọ́ orí, gíga, ìwọ̀n ara, àti bó o ṣe mọ̀ ọ́n tó. Kì í ṣe òfófó. Ìdáhùn rẹ ni wọ́n fi ń pinnu bí ìdè tó so bàtà mọ́ pátákó ṣe máa le tó. Tó o bá pe ara rẹ ní ọ̀gá nígbà tí o kì í ṣe ọ̀gá, ìdè náà lè má tú nígbà tó o bá ṣubú, eékún ló máa jẹ ẹ́. Mi ò lè búra pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rẹ́ mi nìyẹn. Àmọ́ mo wà níbẹ̀ nígbà tó ń sọ fún wọn pé ọ̀gá lòun.

Láti Leeds

Ẹ̀yin ọkùnrin ò lè rántí sọ ti irun, ẹ jẹ́ kí èmi sọ ọ́.

Mo di irun mi kí n tó lọ, mo fi irun àfikún sí i, ó nípọn dáadáa. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti ń yá àṣíborí, èyí tó tóbi jù lọ ò wọ̀ mí lórí. Èyí tí wọ́n wá fún mi jókòó sókè orí mi bí ìdérí ìkòkò, bí mo bá sì ṣubú, kò ní dáàbò bo nǹkan kan. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo jókòó sílẹ̀ balùwẹ̀, tí mo tú ohun tí mo fi wákàtí mẹ́fà dì. Ẹ dì í pẹlẹbẹ, kó lọ sẹ́yìn ọrùn, kó má ní kókó kankan lókè orí. Fìlà sátíìnì tín-ínrín lábẹ́ àṣíborí náà ṣe mí láǹfààní púpọ̀, torí inú àṣíborí máa ń jẹ irun etí.

Ẹ kun ìpara oòrùn. Mo mọ̀ pé a máa ń sọ pé àwọ̀ wa ò nílò rẹ̀. Lókè yẹn, oòrùn ń bọ̀ látòkè, yìnyín tún ń dá a padà látilẹ̀. Ètè mi bó, abẹ́ imú mi bó. Ìbọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ni kí ẹ wọ̀ sínú bàtà síkì, ìbọ̀sẹ̀ gígùn. Méjì á ká, á sì dá egbò sí yín lẹ́sẹ̀.

Lọ́jọ́ kìíní ilé ẹ̀kọ́ síkì, ọmọbìnrin mi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án wo gbogbo àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀, ó bi mí bóyá àwa náà máa ń ṣe eré yìí. Mo fi fọ́tò Simidele Adeagbo hàn án, ẹni tó gbé orúkọ Nàìjíríà lọ sí ìdíje Olympics ìgbà òtútù ní PyeongChang lọ́dún 2018, àti ti Samuel Ikpefan tó fi síkì sáré fún Nàìjíríà ní Beijing lọ́dún 2022. Ó pe orúkọ "Adeagbo" sókè lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá fa àṣíborí rẹ̀ wálẹ̀, ó sì tẹ̀ lé olùkọ́ lọ.

Láti Lewisham, London

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Àbúrò mi ti Milton Keynes, pẹ̀lẹ́ o. Tiwa tọdún tó ń bọ̀, bá wa lọ. Oṣù keje ni kó o ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọjọ́ físà rẹ, màá máa pè ẹ́.

A ti pinnu pé oṣù kìíní la máa lọ, lẹ́yìn tí ọdún tuntun bá ti tán dáadáa. Ó tutù ju ti oṣù kẹta lọ, ṣùgbọ́n kò wọ́n tó ọ̀sẹ̀ ìsinmi oṣù kejì, èrò kì í sì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ò ní kúrò lọ́dọ̀ olùkọ́. A máa ra fìlà aláwọ̀ òféèfèé fún gbogbo wa bí aṣọ ẹbí, torí nínú kùrukùru orí òkè yẹn, mo wá ọkọ mi tì fún ogún ìṣẹ́jú nígbà tó wà ní ìwọ̀n ogún ẹsẹ̀ sí mi. Ẹni tó bá mutí lórí òkè á rìn sọ̀ kalẹ̀, a ti jọ fẹnu kò sí i, àwọn ọkùnrin náà ti gbà.

Mo ti bi Màmá bóyá wọ́n á tún bá wa lọ. Wọ́n ní táwọn bá lè se oúnjẹ tó gbóná fúnra wọn, àwọn á lọ. Ẹran ò ṣeé gbé láti ibí wọ ọ̀dọ̀ wọn, wàrà náà kò ṣeé gbé, àmọ́ ata gbígbẹ àti èlùbọ́ la ó dì. Ilé tó ní ilé ìdáná gidi ni mò ń wá báyìí ní Nasserein, yàrá mẹ́rin, kí fèrèsé yàrá Màmá má kọjú sí òpópónà. Ẹni tó bá ti sùn sí irú ẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi kí oṣù kẹfà tó parí.