Irú ọta wo ni kí n rà fún ìbọn ẹlẹ́nu méjì tí bàbá wa fi sílẹ̀?

Ọmọ Ọdẹ Kétu:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá. Bàbá wa ṣọdẹ ní Kétu, wọ́n sì fi ìbọn ẹlẹ́nu méjì kan sílẹ̀, ti Faransé, kalíbà 12. Ìwé àṣẹ rẹ̀ ti bọ́ sí orúkọ mi. Ọ̀yà àti awó ni mo fẹ́ máa fi pa. Páálí ọta mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á: ọ̀kan kọ 65, èkejì 70, ẹ̀kẹta 76 Magnum. Ó ní 76 ló gbóná jù, pé òun ni kí n mú lọ. Ó ti ọ̀kan bọ inú ìbọn lójú mi, ó wọlé geerege. Ṣé kí n rà á?

Bàbá Ṣàbẹ:
Àbúrò, má rà á. Pé ọta wọlé kò ní kí ìbọn lè gbé e. Nọ́ńbà ara páálí yẹn, gígùn ọta ní mílímítà lẹ́yìn tí o bá yìn ín tán ni. Kí o tó yìn ín, wọ́n ká ẹnu rẹ̀ wọnú. Ọta 70 tí wọ́n ká ẹnu rẹ̀ bí ìràwọ̀, bí o bá fi rúlà wọ̀n ọ́n, kò ju nǹkan bíi mílímítà 58 lọ. Ìdí nìyẹn tí 76 fi ń rọra wọ ibi tí wọ́n gbẹ́ fún 65. Tí o bá wá yìn ín, ẹnu rẹ̀ á fẹ́ ṣí, kò ní ráàyè, á há síbi tí ihò ìbọn ti ń fún. Ẹ̀tù ti jó, ọmọ ọta ń wá ọ̀nà jáde, ọ̀nà ti dí. Ìfúnpá á gòkè lójijì. Iwájú ibẹ̀ gan-an sì ni ọwọ́ òsì rẹ ń dì mú.

Àjàṣẹ́ni:
Ẹ ṣeun, bàbá. Ẹ jẹ́ kí n fi iye kún un. C.I.P., àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1914, tí Faransé, Bẹ́ljíọ̀mù àti Jámánì wà nínú rẹ̀, ló ń ṣòfin ìdánwò ìbọn. Ọta kalíbà 12 lásán kò gbọdọ̀ kọjá 740 bar (bar ni wọ́n fi ń wọn ìfúnpá). Èyí tó lágbára lè dé 1,050, ó sì yẹ kí wọ́n kọ ọ́ sára páálí. (Táyà zém, ọ̀kadà akérò, bíi 2 bar ló ń gbà o!) Kí ìbọn tó jáde nílé ìdánwò, wọ́n á yin ọta tó fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin le ju òpin yẹn lọ nínú rẹ̀. Tí kò bá fọ́, wọ́n á lu òǹtẹ̀ sí i. Ẹ tú ìbọn náà, kí ẹ dojú irin rẹ̀ délẹ̀, kí ẹ fi epo nu ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ ka ohun tó wà níbẹ̀ fún wa.

Alágbẹ̀dẹ Pobè:
Kí wọ́n wo ara irin náà pẹ̀lú. Tó bá ní ìlà wínníwínní bí ara pákó, irin tí wọ́n lọ́ pọ̀ ni, ti ayé ẹ̀tù dúdú. Ẹ gbé e kọ́ ògiri. Èyí tí àwa ń rọ níbí ńkọ́? Páìpù omi ló pọ̀ jù nínú wọn, ta ló dán wọn wò? Ẹ má ki ọta páálí bọ̀ ọ́ láé.

Ìfọ̀nyìn Boy:
Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń ṣọ́ ilé ìtajà ní Amẹ́ríkà, ìbọn ìléwọ́ kékeré 9 mm ló ń lò. Wọ́n ń ta ọta tí wọ́n kọ +P sí fún un, ìyẹn èyí tí ìfúnpá rẹ̀ ju ti lásán lọ. Ṣé ọ̀rọ̀ kan náà ni?

Àjàṣẹ́ni:
Ọ̀kan náà ni. Lọ́hùn-ún, SAAMI, àjọ àwọn tó ń ṣe ìbọn àti ọta ní Amẹ́ríkà, ló ń fi òpin sí i: 9 mm lásán, 35,000 psi (òṣùwọ̀n ìfúnpá tiwọn), +P, 38,500. +P+ kò ní òpin kankan lọ́dọ̀ wọn, kó sá fún un. Ìwé tó bá ìbọn wá ló máa sọ bóyá ó gba +P. Bó tilẹ̀ gbà á, sípíríǹgì ìbọn kékeré á tètè rẹ̀, á sì máa ta ọwọ́ sókè. Kó fi lásán ṣe ìdánrawò.

Ọmọ Ọdẹ Kétu:
Mo ti nù ún. Mo rí ST ETIENNE, adé kan pẹ̀lú PT, 12 àti 65. Irin rẹ̀ dán, kò ní ìlà. Ṣùgbọ́n irin òsì tẹ̀ wọnú díẹ̀ nítòsí ẹnu. Mo sì rí ọta nínú àpò ọdẹ bàbá, pupa pọ̀, yẹ́lò bíi mélòó kan.

Bàbá Ṣàbẹ:
Ó dáa. ST ETIENNE, ilé ìdánwò kan ní Faransé ni. PT oládé yẹn, wọ́n ti dán an wò pẹ̀lú ẹ̀tù tí kì í rú èéfín. 65 nìkan ni kí o rà, ọmọ ọta òjé, gíráàmù 28 tàbí 30. Ó tó ọ̀yà pa. Má ra ọmọ ọta irin, ó le jù fún ìbọn àtijọ́. Má sì kó páálí sójú oòrùn nínú mọ́tò, ooru ń fi kún agbára ẹ̀tù.

Yẹ́lò yẹn, kó wọn kúrò nínú àpò lónìí. Kalíbà 20 ni wọ́n sábà máa ń kùn bẹ́ẹ̀. Tó bá ṣèèṣì bọ́ sínú ìbọn 12, á yọ̀ lọ há sí àárín, o ò ní rí i, wàá sì ki òmíràn tẹ̀ lé e. Irin òsì, má yìn ín títí ẹni tó mọ̀ nípa ìbọn á fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọmọ Ọdẹ Kétu:
Mo ti yọ wọ́n, bàbá. Mẹ́rin ni. Ibo ni kí n kó wọn sí?

Bàbá Ṣàbẹ:
Kó wọn lọ fún àwọn Eaux et Forêts, àwọn aṣọ́gbó ìjọba. Má jù wọ́n sínú iná o.